Ohun Tí Mo Mọ̀ Lórí Òkè

Ọjọ́ Àìkú, oṣù Kẹwàá, 1996. Camp Springs, ní Amẹ́ríkà.

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Mo fi mọ́tò gbé Lata, nọ́ọ̀sì ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, lọ sí tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù tó wà lórí òkè. Ọkọ rẹ̀ ń gba ìtọ́jú ní wọ́ọ̀dù wa, ó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Àná ni mo gba èsì àyẹ̀wò ọkọ náà, tí mo sì fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i mọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Lata bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn òkúta nínú òtútù yẹn. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Bísí, bá mi bẹ Ọlọ́run tìrẹ náà. Ṣé ara rẹ̀ á yá?"

Mo ní, "Á yá."

Kí ló sún mi sọ ọ́? Ǹ bá kúkú dákẹ́.

Títí a fi délé ló ń sọ oúnjẹ tí yóò sè tí ọkọ rẹ̀ bá dé.

Lọ́la ni dókítà yóò pe Lata láti fi èsì náà hàn án. Yóò rí orúkọ mi nídìí ìwé èsì yẹn, àti ọjọ́ tí mo gbà á.