Màmá Ọmọ́ṣọlá Àbẹ̀kẹ́ Akínrẹ̀mí, Ìyá Olódòdó Upney (1950–2025)

Ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó ni a ti bí ìyá wa, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1950. Bàbá Gbádébọ̀ Oyèyẹmí, àgbẹ̀ olóbì, àti Ìyá Bọ́látitó, aránṣọ, ni ó bí wọn. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì jáde ilé-ìwé Módà ní 1966.

Ní 1976, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Bàbá Sámúẹ́lì Akínrẹ̀mí. Àwọn méjèèjì dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1987, wọ́n sì fi àdúgbò Upney níbẹ̀ ṣe ilé. Ilé ìdáná ilé-ìwé kan ní Dagenham ni Màmá ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Bàbá wa kú ní 2013. Láti ìgbà náà, Màmá kò fẹ́ jáde mọ́, kódà wọn kò lọ sí ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ti jẹ́ Ìyá Àdúrà. Nígbà tí òtútù dín kù, aládùúgbò wa, Rodiyah, gbé àpò iṣu dàlíà wá fún wọn. Màmá rò pé ànàmọ́ ni.

“Rodiyah, ṣé sísè ni àbí díndín?”

“Ẹ jọ̀ọ́ Mummy, ẹ má jẹ ẹ́ o! Òdòdó ni. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀.”

Ẹ̀rín tí Màmá rín lọ́jọ́ náà ni àkọ́kọ́ tí a gbọ́ lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá.

Ìgbín jẹ gbogbo èéhù rẹ̀ lọ́dún náà. Màmá bínú, wọ́n tún òmíràn gbìn, wọ́n ń ṣa ìgbín láràárọ̀. Nígbà tí ó tanná, tí ó tóbi bí àwo oúnjẹ, wọ́n ní àwọn kò lè rán ẹnikẹ́ni gbé e dé ibi pẹpẹ ìjọ, àwọn fúnra àwọn ni yóò gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe padà sí ìjọ nìyẹn.

Ní 2018, Dámiláre àkọ́bí wọn fẹ́ da kọnkéré sí ọgbà dàlíà náà kí ó lè máa páàkì mọ́tò síbẹ̀. Màmá ní, “Ibi tí mo ti rí ẹsẹ̀ dúró lẹ́yìn bàbá rẹ nìyẹn.” Ó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn.

Ní oṣù Kọkànlá 2023, Màmá wà ní ọsibítù, àwọn dókítà sì ti ní kí a múra sílẹ̀. Ìrì dídì bọ́, ewé dàlíà dúdú. Dámiláre fúnra rẹ̀ mú fọ́ọ̀kì ọgbà láti wa iṣu rẹ̀ kí òtútù má bàa bà á jẹ́, ó tẹ Màmá láago.

“Jìnnà sí ìdí rẹ̀ o. Tó o bá gún iṣu, á jẹrà.”

“Mummy, ó ti pọ̀ o! Mi ò lè dá a gbé.”

“Ṣé o rí i? Kó o sínú iyanrìn gbígbẹ. Mò ń bọ̀ wá gbìn ín.”

Wọ́n sì bọ̀ lóòótọ́. Orí àga ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi gbìn ín ní oṣù Karùn-ún 2024, wọ́n sì rí òdòdó rẹ̀ lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n pín iṣu fún àwọn ará ìjọ, wọ́n sì kọ́ àwọn tó ń gbé fúláàtì ní Barking Riverside bí a ṣe ń gbìn ín sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá 2025, Màmá sùn nínú Olúwa. Wọ́n fi àwọn ọmọ wọn, Dámiláre àti Moṣọpẹ́, sáyé lọ, pẹ̀lú aya àti ọkọ wọn. Wọ́n tún fi Jésùfẹ́mi ọmọọmọ wọn sílẹ̀, àti àwọn ọmọọmọ mẹ́ta mìíràn. Àti Rodiyah, tí wọ́n ń pè ní ọmọ.

Àbẹ̀kẹ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ tọ́ wa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn yín dára. Ẹ sùn re o.