Ọkọ́ Kò Débẹ̀

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ gbọ́ èyí: ní ọdún 2011, mo fi lẹ́tà ọmọ ọlọ́mọ pamọ́. Èmi ni Isidore Olúgbódi, olùkọ́ èdè ní yunifásítì, tí mo ti fẹ̀yìn tì sí Atakpamé. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí. Iyè mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Justine, ọmọ mi obìnrin, ni yóò mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ.

1. Ilé mi di ti Justine àti Gérard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gérard, má bá àbúrò rẹ du yàrá iwájú. Òun ló ń tọ́jú mi.

2. Oko mi ní Glei di ti àwọn obìnrin tó ń dá a. Àwọn ló kọ́ mi ní orúkọ iṣu, èmi ni n kò gbọ́ dáadáa. Iṣu kan wà tó máa ń ta wọlẹ̀ jìnnà, ọkọ́-kò-débẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọkọ ni mo gbọ́. Mo wá fi odindi orí kan nínú ìwé mi ṣàlàyé oko ìkọ̀kọ̀ tí ìyàwó ń dá tí ọkọ kò gbọdọ̀ dé. Noëlle Igbẹ́kọ̀yí, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ló dìde nínú ìpàdé: "Bàbá, ẹ má bínú, ọkọ́ tí a fi ń roko ni." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin Glei ti ń kí mi pé: "Ọkọ tí kò débẹ̀, ẹ káàbọ̀ o!"

3. Ewúrẹ́ mẹ́fà di ti Flora tó ń tọ́jú wọn. Kí ó ta òbúkọ dúdú yẹn, oníjà ni.

4. Tábìlì ìkọ̀wé mi di ti Gérard, àfi ohun tí mo tì mọ́ inú rẹ̀. Lọ́dún tí mo wí yẹn, yunifásítì ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tó mú ṣáṣá. Wọ́n ń fún wọn ní yàrá iṣẹ́, owó ìwádìí ọdún mẹ́ta, àti àgbà tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n mú Noëlle. Nígbà tèmi, ta ló wá mi? Orí ẹrù ọlọ́jà nínú tasí ni mo ti kọ ìwé tèmi. Ọwọ́ mi ni lẹ́tà rẹ̀ gbà wá. Ó gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Mo ti lẹ́tà náà mọ́ inú tábìlì yìí títí ọjọ́ fi kọjá. Ó rò pé wọn kò mú òun, ó sì lọ ń kọ́ ọmọ iléèwé ní Notsé títí di òní. Èmi yìí náà ni mo tún sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ìlara ni. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń ta mí lára pé etí rẹ̀ ju tèmi lọ.

5. Lẹ́tà náà, àti ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ méjì tí mo yá tí n kò dá padà, n kò há wọn fún ẹnikẹ́ni. A kì í fi ohun olóhun ṣe ogún. Mo ti kọ̀wé sí yunifásítì, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Justine, má dúró de ikú mi. Wọ tasí lọ sí Notsé ní àárọ̀ ọ̀la, kí o fi gbogbo rẹ̀ lé Noëlle lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ tábìlì náà nìyí.

Mo fọwọ́ sí i ní Atakpamé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024.

Isidore Olúgbódi

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Olga Àyọ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì
Didier Igbẹ́kọ̀yí, àgbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Noëlle