Ohun Tí Wọ́n Gbá Kúrò Nínú Díkódà Yín

Ìyá mi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ kẹ́yìn,

Mo kí yín. Mi ò mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń mọ́ níbi tí ẹ wà, torí náà mi ò ní sọ pé ẹ káàárọ̀ tàbí ẹ káalẹ́. Bùnmi, ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, ló ń bá mi kọ èyí. Ẹ mọ̀ pé ẹ ò rán mi nílé ìwé, èmi náà ò sì bẹ̀ yín. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ bí mo ṣe sọ ọ́, kó má fi oyin sí i. Ó ti ń sunkún. Mo ní kó nu imú, kó máa kọ.

Ara wa le. Sábọ́ngàrí Kánò níbí ò yí padà: jẹnẹrétọ̀ ń ké, ṣọ́ọ̀ṣì ń ké, ẹni tó ń ta burẹ́dì náà ń ké. Ọ̀rọ̀ díkódà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ rántí bí Bùnmi ṣe kọ́ yín ní bọ́tìnì pupa. Ó ní tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lórí ètò kan, díkódà á máa gba ètò náà sílẹ̀ fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ì báà wà nílé, ẹ ì báà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí ètò tó ń lọ láti ìlú Yorùbá kan dé òmíràn. Ẹ ó jókòó síwájú rẹ̀, rímóòtù á wà lábẹ́ itan yín, ẹ ó máa kí àwọn ọba inú rẹ̀ bíi pé wọ́n ń gbọ́. Tí mo bá béèrè ohun tí ẹ ń wá, ẹ ó ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni. Ìkìrun, ìlú tí wọ́n bí yín sí, lẹ ń dúró dè. Wọ́n lọ Ọ̀fà, wọ́n lọ Ìrágbìjí, wọn ò lọ Ìkìrun.

Bàbá yín ní tí ẹ bá tẹ̀lé òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ sókè Ọya, kí ẹ má padà sẹ́nu ọ̀nà òun mọ́. Ẹ tẹ̀lé e. Ẹ bí wa síbí. Bàbá yín kú, bàbá tiwa náà kú, ẹ ò sì padà. Kí ló dé tí ẹ ò lọ nígbà tí kò sẹ́ni tó lè lé yín mọ́? Mo máa ń fẹ́ béèrè. Ojú yín kì í gba ìbéèrè.

Ẹ kú. A sin yín. Díkódà ò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, iná pupa rẹ̀ tàn ní àsìkò yín. Èmi nìkan ni mo wà ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Ó ń gba ètò yín sílẹ̀ dè yín. Bùnmi ní òun lè pa àṣẹ yẹn rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń ṣàárò o. Mi ò kàn rí ìdí tí màá fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò sí nílé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo tẹ èyí tó wà lókè pátápátá nínú ohun tó ti gbà sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe ètò náà ní, "Ìkìrun la wà lónìí o!" Mo jókòó.

Wọ́n rìn nínú ọjà, wọ́n dé ààfin, wọ́n wá wọ àdúgbò kan tí àwọn ilé alámọ̀ ṣì kù sí. Obìnrin kan jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá, ẹ̀yin ni. Mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Apá òsì ló so ìdí ìró sí, bíi tiyín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde tí ẹ ò sì fẹ́ sọ ọ́ mọ́. Ó dà bíi pé àpá iná wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó wà lọ́rùn yín, àmọ́ àwòrán náà ò dúró. Ó wo kámẹ́rà. Èmi ló wò. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mi ò kígbe. Ọmọ ìjọ ni mí, ọ̀rọ̀ àkúdàáyà kì í ti ẹnu mi jáde. Mo tún un wò títí ojú fi ń ta mí. Bùnmi wò ó, kò dá a mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti tẹ̀ ló mọ̀, obìnrin yìí sì nàró ṣánṣán. Èmi àti Dàpọ̀ àbúrò mi nìkan ló kù tí a mọ̀ yín nígbà tí ẹ ṣì nàró. Mo pè é ní Kàdúná.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àgbà pọ̀ ní Ìkìrun. Gbogbo wọn ló jọra."

"Ṣé èmi ni mi ò ní mọ ìyá mi?"

"Gíláàsì tí dókítà ní kí ẹ gbà ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbà á?"

Mo bú u. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí n bá òun fi àwòrán náà ránṣẹ́ kí òun fojú ara òun rí i. Ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn. Tó bá ní ẹ̀yin ni, ẹ̀yin ni. Tó bá ní ẹ̀yin kọ́, màá sùn. Bùnmi fi fóònù ya tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ojú obìnrin náà funfun báláú, ìlà sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni ìkìlọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Bùnmi kà á fún mi: ètò tó ń mú díkódà ṣiṣẹ́ ti gbó, wọ́n ní ká ṣe é ní ọ̀tun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní fi nǹkan hàn mọ́. Mo gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta a-daidaita-sahu bí ọmọ ìkókó, mo gbé e lọ bá Màlá Ìsá tó ń tún díkódà ṣe ní Fágè. Ó ní ohun tí díkódà bá gbà sílẹ̀ kì í fẹ́ jáde nínú rẹ̀, pé ó so mọ́ káàdì tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ wáyà kan wà tí òun lè fi gbìyànjú. Mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ fóònù Bùnmi. Ohun tó kọ nìyí: "Mama, memory ya cika. In share recordings din kafin update?" Bùnmi ní inú díkódà ti kún, pé ó ń béèrè bóyá kí òun share ohun tó wà níbẹ̀ kó tó di pé òun ṣe é ní ọ̀tun. Ó rí ọ̀rọ̀ náà láàárín òyìnbó, ó kà á bí òyìnbó, èyí tí àwọn ọmọ ń sọ tí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ síra wọn. Inú mi dùn. Mo ní, "Sọ fún un kó ṣe é. Gbogbo rẹ̀. Kó má ṣẹ́ nǹkan kan kù."

Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Haúsá jù mí lọ. Share ti Haúsá ni ọkùnrin náà kọ. Share tí wọ́n ń pe ilẹ̀ gbígbá: ó fẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ dànù ni.

Ó gbá a. Ó gbé e wá fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Mama, na share komai. Ya koma sabo!" Ó ti gbá gbogbo rẹ̀, ó ti di tuntun. Mo bi í léèrè Ìkìrun. Ó ní wáyà náà ò ṣiṣẹ́, òun sì rò pé mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Mo pariwo. Ó fajú ro. "Ai ke kika ce in share!" Èmi ni mo ní kó gbá a. Òótọ́ ni.

Ká ní ó pè mí ni, ǹ bá ti mọ èyí tó ń wí. Lẹ́nu, ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra rárá, kò sọ́mọ Sábọ́ngàrí tó lè ṣì wọ́n gbọ́. Inú ìwé ni wọ́n ti ń wọ aṣọ kan náà. Bùnmi ń bẹ̀ mí títí di bó ṣe ń kọ èyí. Bùnmi, kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò bínú sí ọ. Ohun tó wà níbẹ̀ lojú rẹ kà.

Mo rò pé Dàpọ̀ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ rí àdúgbò, ẹ rí ilẹ̀kùn. Ká lọ kan ilẹ̀kùn náà, ká wo obìnrin yẹn lójú." Mo ní ó dáa. Mo ti ká aṣọ sínú báàgì.

Ìgbà tí mo ń ká a lọ́wọ́ ni mo rántí ohun tí ẹ sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré: pé àwọn tó bá kú tí wọ́n sì tún rí wọn níbòmíràn kì í dúró de ẹni tó mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí ojú wọn bá ti bá tirẹ̀ ṣe mẹ́rin ni wọ́n ń kúrò nílùú yẹn, wọn kì í sì í padà síbẹ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Pásítọ̀ wa á ní irọ́ ni. Àmọ́ mo jókòó ti báàgì náà, mo sì tú u. Mo pe Dàpọ̀, mo ní mi ò lọ mọ́, kí òun náà má lọ. Ó bínú. Ó ní ṣé mi ò fẹ́ mọ̀ ni.

Mo fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo fẹ́ mọ̀, ó ń gbọ̀n mí bí ìgbẹ́. Ṣé yàrá tí wọ́n bí yín sí lẹ ń sùn? Ṣé bàbá yín wà níbẹ̀? Ṣé ó ń bá yín sọ̀rọ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń wò yín lọ́jọ́ yẹn, ni ẹ ṣe ti ilẹ̀kùn?

Tó bá jẹ́ obìnrin mìíràn ni, kó jẹun rẹ̀ ní àlàáfíà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, wọ́n ti lé yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí. Èmi kọ́ ni màá lé yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ láti Kánò.

Èmi ni,
ọmọ yín tó mọ ilé tí kò sì ní kan ilẹ̀kùn.