Oògùn Òjé Tó Dínwó

Ọjọ́rú, Okokomaiko

Oògùn, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ọkọ̀ Ajangbadi, ẹgbẹ̀rin náírà. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, ojú sì ń tì mí láti wò ó.

Òjé tí Bàbá Ṣọlá, ọkọ mi, ń yọ́ nínú bátìrì ọkọ̀ ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kọ oògùn tó ń di òjé mú, èyí tó ní kálísíọ̀mù nínú. Mo rí èyí tí kò ní in, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án dín. Mo ní ẹja á fún un ní kálísíọ̀mù.

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì àdúgbò pé òun ni dókítà kọ. Ó gbà mí gbọ́, ó pò ó mọ́ omi, ó sì fà á sí i lára. Kò pẹ́ tí ìka ọkọ mi fi ká wọ àtẹ́lẹwọ́.

“Ìyá Ṣọlá, ọwọ́ mi ò ṣí mọ́. Ṣé ahun rẹ ló ràn mí?”

Nọ́ọ̀sì yọ omi náà kíá. “Kálísíọ̀mù ara wọn ni eléyìí ń dì mú. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan mọ ìgbà tó yẹ kó súnkì àti ìgbà tó yẹ kó dẹ̀. Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò ra èyí tí dókítà kọ?”

Mo ní owó ò tó.

Ó fi owó ara rẹ̀ ra abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù, ó rọra fún un, ìka náà sì ṣí.

Bí mo bá san owó rẹ̀ lọ́la, á mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ẹgbẹ̀rún méje ni. N kò tíì san án.