Ẹ Yọ Kẹ̀kẹ́ Arọ Kúrò Lára Tíkẹ́ẹ̀tì Mi

                                        Ilé Ẹ̀gbọ́n Mi,
                                        Òpópónà Ilé-Ìwòsàn,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Ààrò búrẹ́dì wa ńkọ́? Má jẹ́ kó tutù kí n tó dé o. Ara tèmi le. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé mo ti di arọ, irọ́ ló pa.

O mọ̀ pé nítorí Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ṣe rin ìrìn yìí. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, ó sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé ojú mi lòun fẹ́ rí kẹ́yìn kí wọ́n tó gún òun lábẹ́rẹ́ oorun. Mo ṣèlérí. Àmọ́ físà mi pẹ́ kó tó jáde, ó wá di pé iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la ni mo tó gbéra.

Ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ kọ̀, kò tètè gbéra. Wọ́n kó wa jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń sọ pé "Ẹ ṣe sùúrù," "Ẹ ṣe sùúrù," àfi bíi pé sùúrù ni wọ́n ń tà. Nígbà tá a wá balẹ̀ síbi tí mo ti máa wọ èkejì, àyè díẹ̀ ṣì kù bí mo bá sáré. Mo gbé báàgì mi, mo dìde, ni ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bá ní, "Màmá, ẹ jókòó, kẹ̀kẹ́ arọ yín ń bọ̀."

Kẹ̀kẹ́ ta ni? Àṣé ọmọ mi ọkùnrin tó bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé n ò lè rìn, torí ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mò ń fọwọ́ ra orúnkún. Èmi tí mo máa ń dúró níwájú ààrò látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Wọ́n ní òfin ni, n ò gbọdọ̀ dá sọ̀. Gbogbo èrò sọ̀ tán, wọ́n gbálẹ̀ yí mi ká, kí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ tó yọjú. Ká tó dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ kejì, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Mò ń wo ọkọ̀ òfurufú mi láti ojú gíláàsì bó ṣe ń rọra lọ. Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún.

Mo nujú, mo bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo lọ bá akọ̀wé tó ń tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó ní ọ̀túnla ni àyè wà, kí n lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Mo yarí. Mo ní ọ̀la ni wọ́n máa la àyà Ẹ̀gbọ́n mi, n ò kúrò níwájú rẹ̀. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ kan wà tó máa gba ìlú mìíràn, àmọ́ àsìkò tí mo máa fi pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ kéré, kọ̀ǹpútà ò sì gbà á fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ.

"Ẹ yọ kẹ̀kẹ́ arọ yẹn kúrò lára tíkẹ́ẹ̀tì mi."

"Màmá, ṣé ẹ máa lè sáré?"

Mo bọ́ bàtà, mo há a mọ́ abíyá, mo sáré láti iwájú rẹ̀ dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì sáré padà. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí, ó yọ ọ́.

Bí mo ṣe sáré ní ìlú kejì náà nìyẹn, mò ń kọlu èèyàn, mò ń tọrọ àforíjì lọ. Mo bá ọkọ̀ náà. Orúnkún dùn mí o, àmọ́ orúnkún kọ́ ló ń pàṣẹ fún mi.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn láàárọ̀, ohùn Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá, ó ní òun ò gùn ún, àfi bí àbúrò òun bá dé. Dókítà bẹ̀ ẹ́ títí, ó ta kú. Nọ́ọ̀sì wá rí ẹsẹ̀ mi tó wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì wa tá a ti pò, ó rò pé èmi ni aláìsàn, ó ti kẹ̀kẹ́ náà sọ́dọ̀ mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó jókòó láìjanpata, èmi fúnra mi ni mo sì tì í dé ẹnu yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ó ti jí. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé n ò mọ kẹ̀kẹ́ tì, pé mo fi òun gbá ògiri.

Bá mi kí ọkọ wa àti àwọn ọmọ. Bí o bá rí ọmọ mi ọkùnrin, sọ fún un pé tó bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí mo máa fi padà, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun ń sáré.

Èmi ni tìrẹ, lórí ẹsẹ̀ méjèèjì,
Alágídí.