Ilẹ̀ Tó Ń Rìn Nílé Ìyá Wa

Domitila ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, òtútù Monterrey ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé oyún náà dé oṣù keje yóò gbé e dé ìkúnlẹ̀, àmín. Àwa náà wà, màlúù ti bímọ, orókún mi nìkan ni kò gbádùn.

O rántí pé lẹ́yìn tí oyún kejì bàjẹ́ lára rẹ, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Màríà Wúńdíá ti Guadalupe pé bí òmíràn bá dé oṣù keje, màá gbé àwòrán rẹ̀ pọ̀n, màá fẹsẹ̀ rìn dé Basílíkà rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà ní ìlú Mẹ́síkò, màá sì fi orókún wọ́ láti géètì dé abẹ́ aṣọ mímọ́ tí àwòrán rẹ̀ wà lára rẹ̀ gan-an. Mo ti lọ o! Ọjọ́ mẹ́rin lèmi àti àwọn olùjọ́sìn mìíràn fi rìn, àwọn èèyàn ń kó tàmálè àgbàdo gbígbóná lé wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, wọn ò gba pésò kan.

Mo wọ́ dé abẹ́ àwòrán, mo dijú, mo ní Ìyá, ọ̀rọ̀ Domitila ni mo bá wá, ni ilẹ̀ bá mì, ó ń gbé mi lọ. Ìwọ náà mọ bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń wó ilé nílẹ̀ wa. Mo kígbe pé ilẹ̀ ń mì, kí gbogbo èèyàn sá jáde! Ẹ̀ṣọ́ kan sáré wá, ó ní ẹ̀rọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ńṣe ló ń gbé èrò kọjá lábẹ́ àwòrán kí wọ́n má baà dí ọ̀nà.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù. Ta ló wá san ẹ̀jẹ́ yìí, èmi ni tàbí ẹ̀rọ? Bí ẹ̀jẹ́ bá kù díẹ̀, tí ọmọ inú rẹ sì jìyà rẹ̀ ńkọ́? Mo bá padà gùn ún. Nígbà tó gbé mi dé abẹ́ àwòrán, mo yíjú padà, mo ń wọ́ lọ síbi tí mo ti wá. Domitila, iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀! Bí mo ṣe ń wọ́ tó, ojú kan náà ni mo wà, abẹ́ Ìyá Wa gẹ́lẹ́. Gbogbo èèyàn ń kọjá lọ, èmi nìkan ló dá dúró. Mo ráyè sọ gbogbo rẹ̀, orúkọ dókítà rẹ, ọjọ́ tó dá fún ọ, àti ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú. Àwọn ọmọge ń fi fóònù yà mí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ó jọ pé Póòpù ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ẹ̀ṣọ́ náà tún dé, ó ní kí n dìde. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó wo ẹ̀jẹ̀ lára ṣòkòtò mi, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí ògiri.

“Ẹ parí ọ̀rọ̀ yín, Bàbá. Mi ò rí yín.”

Jọ̀ọ́, fi owó ṣòkòtò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kí o fi rán o. Ọmọbìnrin báńkì ní inú ẹ̀rọ tó wà lára ògiri lowó mi wà, èmi ò sì bá ẹ̀rọ kankan ṣe mọ́.

Wẹ́rẹ́ ni wàá bí i. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìyá rẹ, tó búra pé òun ò ní fọwọ́ kan aṣọ ọmọ títí a ó fi gbọ́ ẹkún, ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀. Kò sọ ohun tó ń rán fún mi, èmi náà ò bi í.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tiburcio