Páìpù Tí Bàbá Ń Sá Fún

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú àárò ilé. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Màmá ń kí yín. Ajá wa bímọ mẹ́fà, gbogbo wọn ló gbọ́n jù mí lọ.

Háà, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ! Ọyún ló gbára jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀ Bàbá, ó tó korobá! Dókítà ní oògùn nìkan ò ká a mọ́. Ká fi páìpù tín-ín-rín fà á jáde kíákíá, kó má di pé wọ́n ń la ikùn. Bàbá, púlọ́ńbà gbogbo àdúgbò, fárí gá: "Páìpù tí mi ò fọwọ́ ara mi rì, kò ní wọnú mi!"

Ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ rán an létí ohun tó máa ń sọ fáwọn oníbàárà: "Omi tó bá dúró sójú kan, ilé ló ń wó."

Ojú wa ò ní ríbi o.

Àbúrò yín, Aláròyé